Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lórí Super League: ibo ni ọ̀rọ̀ náà kàn wá dé ní Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ?

Ọmọ_Alákétu (Kétu), ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Kejìlá 2023, agogo 7:10 àárọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Ní àná, ọjọ́bọ̀, ilé ẹjọ́ gíga ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù, èyí tí ó wà ní Luxembourg, dájọ́ pé kò bófin mu kí FIFA, àjọ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní àgbáyé, àti UEFA, àjọ ti Yúróòpù, máa fi agbára wọn dènà ìdíje tuntun tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ dá sílẹ̀, nígbà tí wọn kò ní ìlànà tí ó hàn gbangba tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tí wọn yóò gbà àti ẹni tí wọn yóò kọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé iṣẹ́ A22, tí ó ń ṣojú fún àwọn tí ó fẹ́ Super League, ti gbé ètò tuntun jáde. Ọ̀rọ̀ tí a rò pé a ti sin ní ọdún 2021 ti tún jí.

Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò rántí dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kẹrin 2021, ẹgbẹ́ 12 kéde pé àwọn ń dá líìgì ti ara wọn, Super League, sílẹ̀. Mẹ́fà wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Arsenal, Chelsea, Liverpool, Manchester City, Manchester United àti Tottenham. Mẹ́ta wá láti Sípéènì: Real Madrid, Barcelona àti Atlético Madrid. Mẹ́ta yòókù wá láti Ítálì: Juventus, AC Milan àti Inter Milan. Ẹgbẹ́ 20 ni yóò máa kópa, ṣùgbọ́n 15 nínú wọn yóò jókòó síbẹ̀ títí láé, ìbáà jẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn mú, ìbáà jẹ́ pé ó kú, tí ó fi jẹ́ pé àyè márùn-ún péré ni gbogbo ẹgbẹ́ tí ó kù ní Yúróòpù yóò máa du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Florentino Pérez, ààrẹ Real Madrid, ni wọ́n fi ṣe alága.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Real Madrid ti jẹ́ ẹgbẹ́ mi, nítorí náà kì í ṣe ẹnu ọ̀tá ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mí pẹ̀lú. Gbogbo wa ni a mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè tí àwọn baba ńlá wa kọ́ sí ojú odi ìlú. Wọ́n kọ́ ọ kí ọ̀tá má baà wọlé; wọn kò kọ́ ọ kí ọmọ ìlú tí ó ti oko dé má baà rí ibi gbà wọlé. Nígbà tí mo ka ètò àwọn ẹgbẹ́ 12 yẹn, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ẹnubodè tí wọ́n fẹ́ tì mọ́ àwọn tí wọ́n jọ kọ́ ìlú. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé ẹ̀rù tí ń bà mí yìí tọ́, àbí ọ̀rọ̀ àwọn olówó Yúróòpù láàárín ara wọn ni, tí kò kan àwa tí a ń san 100 faranki kí a tó jókòó wo bọ́ọ̀lù nínú yàrá tí ó kún fọ́fọ́?

Ará_Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), agogo 8:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù yín tọ́. Liverpool ni èmi ń bá lọ, n kò sì lè gbàgbé ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ìkéde yẹn. Liverpool lọ sí ilé Leeds ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Leeds jáde wá nara, aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní ọ̀rọ̀ láyà pé orí pápá ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ Champions League, ìdíje UEFA fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó ṣe dáadáa jù ní Yúróòpù, ti lọ gbà á. Wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ náà pé ti àwọn olólùfẹ́ ni bọ́ọ̀lù. Sadio Mané gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, Diego Llorente fi orí kàn án wọlé fún Leeds, a sì gbá ọ̀mì 1-1. Èmi tí n kì í lè jẹun bí Liverpool bá sọ àmì nù, n kò bínú lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn eré, James Milner, igbákejì balógun wa, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó ní òun kò fẹ́ràn ètò náà, òun sì ní ìrètí pé kò ní wáyé. Àwọn tí ó ń sanwó fún un ni ó ń bá wí yẹn.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn olólùfẹ́ Chelsea dí ojú ọ̀nà níwájú Stamford Bridge, pápá wọn, kí ẹgbẹ́ wọn tó bá Brighton gbá, títí Petr Čech, aṣọ́lé wọn àtijọ́ tí ó ti di òṣìṣẹ́ àgbà níbẹ̀, fi jáde wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn láyè láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Manchester City ni ó kọ́kọ́ kéde pé òun ń jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yọ ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ Rú, John Henry, tí ó ni Liverpool, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa nínú fídíò. Ní 2 oṣù Karùn-ún, inú pápá Old Trafford ni àwọn olólùfẹ́ Manchester United wọ̀ lọ nítorí ìbínú wọn sí ìdílé Glazer tí ó ni ẹgbẹ́ wọn, eré tí ó yẹ kí wọ́n bá wa gbá lọ́jọ́ náà kò sì lè wáyé mọ́.

Ẹ wo bí ó ti tóbi tó. Ilé ìfowópamọ́ JP Morgan ni ó fẹ́ gbé owó ètò náà kalẹ̀, bílíọ̀nù 3.5 owó Yúróò ni àwọn ẹgbẹ́ tí ó dá a sílẹ̀ fẹ́ pín, ọjọ́ díẹ̀ sì ni ó gba àwọn tí kò ní ju ohùn wọn àti tíkẹ́ẹ̀tì wọn lọ láti wó o lulẹ̀. Ohun tí ó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé àwa kò sí níbẹ̀. Ìfẹ́ wa kò kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnu ọ̀nà kan ní Àjàṣẹ́ tí a lè dúró sí kí John Henry tó rí wa.

Amòfin_Ìfànhìn (Ìfànhìn), agogo 9:15 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí a tọ́ ohun kan sọ́nà kí ìjíròrò tó lọ jìnnà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ ọ́ láti àná pé ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí Super League. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kan ní Madrid ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, adájọ́ ibẹ̀ ni ó sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí Luxembourg. Ìdáhùn tí Luxembourg fún un ni pé FIFA àti UEFA ń ta ìdíje, àwọn kan náà ni ó sì ń sọ ẹni tí ó lè bá wọn ta ìdíje. Ó dà bí ìgbà tí ìyálọ́jà tí ń ta àgbàdo bá tún jẹ́ ẹni tí ń pín ìsọ̀ fún gbogbo àwọn tí ó fẹ́ ta àgbàdo. Pípín ìsọ̀ kò burú, nítorí ọjà tí kò ní olórí yóò dàrú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní òfin tí gbogbo ènìyàn lè rí, tí kò sì ní ojúsàájú nínú. Ilé ẹjọ́ sọ pé òfin tí FIFA àti UEFA ń lò nígbà náà kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì tún sọ ọ́ kedere pé èyí kò túmọ̀ sí pé dandan ni kí wọ́n gba Super League. UEFA ní tirẹ̀ ti fèsì pé òun ti gbé òfin tuntun kalẹ̀ láti ọdún 2022 tí ó dí àlàfo yẹn.

Real Madrid àti Barcelona yọ̀ sí ìdájọ́ náà. Manchester United àti Atlético Madrid sọ pé àwọn kò kúrò níbi tí àwọn wà. Ọ̀gá àgbà Bayern Munich sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo rántí nígbà tí mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Kétu kọ: ó ní ilẹ̀kùn Bayern ṣì wà ní títì sí Super League.

Oníṣòwò_Wàńdò (Porto-Novo), agogo 10:40 àárọ̀

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ apá kejì. Barcelona ni mo ń bá lọ, inú ìsọ̀ mi ní ọjà Wàńdò ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ohun tí ó ń pe èrò wá síbi ọjà. Nígbà tí Real Madrid bá ń pàdé Barcelona, ìjókòó kì í tó ní ilé ìwòran kankan ní ìlú yìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ kékeré méjì bá ń gbá, mélòó nínú wa ni ó ń jókòó wò ó? Àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyí ni ó ń ra agbábọ́ọ̀lù, àwọn ni ó ń sanwó fún wọn, àwọn ni gbèsè sì wà lọ́rùn wọn nígbà tí àrùn Kòrónà lé gbogbo èrò jáde ní pápá. UEFA kò ra agbábọ́ọ̀lù kan rí, síbẹ̀ òun ni ó ń gba owó tí ó sì ń pín in. Nínú ìkéde ọdún 2021 pàápàá, wọ́n ṣèlérí pé owó tí àwọn yóò máa fi ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ yóò ju bílíọ̀nù 10 owó Yúróò lọ láàárín ọdún tí àdéhùn náà yóò gbà.

Ẹ tún wo ètò tuntun ti àná. Kò sí ẹgbẹ́ tí yóò jókòó títí láé mọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ 64 ni ti àwọn ọkùnrin, ní ìpele mẹ́ta, ẹgbẹ́ yóò máa gòkè, yóò sì máa sọ̀kalẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ni ti àwọn obìnrin. Wọ́n sì ní ọ̀fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lè máa wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì gbàgbé bí Premier League tí gbogbo yín fẹ́ràn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ 22 tí ó wà ní ìpele kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Football League sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ta ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n tiwọn fúnra wọn. Ìyapa ni èyí náà. Kí ló dé tí ti àwọn wọ̀nyẹn fi di ohun tí a ń yìn, tí ti àwọn wọ̀nyí sì di ẹ̀ṣẹ̀?

Ọmọ_Alákétu, agogo 11:05 àárọ̀

Ìbéèrè tí ó dára ni, ẹ̀gbọ́n, mo sì ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti kà á. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí wọ́n lọ ní 1992, wọn kò gbé ilẹ̀kùn lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbẹ̀yìn ṣì ń já bọ́, ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe dáadáa nísàlẹ̀ ṣì ń gòkè. Ìpele kẹta ni Leicester wà ní 2009. Ní 2016, Leicester gba ife Premier League. Bí ó bá jẹ́ ètò 2021 ni wọ́n ń lò, Leicester lè gba ife náà kí ó sì dúró síta síbẹ̀.

Ní ti ètò tuntun, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìpele tí ó kéré jù nìkan ni ẹgbẹ́ lè gbà wọlé láti inú líìgì ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ẹgbẹ́ tí ó bá gba ife líìgì tirẹ̀ lónìí yóò kọ́kọ́ lo ọdún kan ní ìpele kẹta, yóò lo òmíràn ní ìkejì, kí ó tó lè bá àwọn tí ó wà lókè pàdé. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ lóòótọ́. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́.

Olùkọ́_Bọ́ọ̀lù_Ṣábẹ (Ṣábẹ), agogo 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán láti ìsàlẹ̀ àwọn òkè Ṣábẹ. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ eléruku tí a fi òkúta sàmì sí ojú ilé rẹ̀, n kò sì lè ka ìjíròrò yìí kí n má dá sí i.

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ nípa Leicester. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Huddersfield, nítorí òun ni àwọn ọmọ mi mọ̀. Ọdún 45 ni Huddersfield fi wà níta ìpele kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2017, wọ́n fi pẹ́náritì borí Reading, wọ́n sì gòkè. Ẹni tí wọ́n fi owó tí wọn kò ná rí lórí agbábọ́ọ̀lù rà, kí ó wá máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wọn, ni Steve Mounié, ọmọ tí wọ́n bí ní Parakou, ní ìhà àríwá wa níbí. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbá Premier League, ní ilé Crystal Palace, bọ́ọ̀lù méjì ni ó gbá wọlé, Huddersfield sì fi 3-0 borí. Mo rí ojú àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé fún mọ́ pé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wo ni ó mú un débẹ̀? Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn 12. Ẹgbẹ́ kékeré tí ó gòkè nítorí pé ọ̀nà wà láti gòkè ni. Stéphane Sessègnon náà, Créteil ni ó kọ́kọ́ lọ ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn náà Le Mans, kí Paris Saint-Germain tó rí i. Àtẹ̀gùn ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ìgbésẹ̀ àárín kúrò, ẹni tí ó wà lókè kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà nísàlẹ̀ kò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé.

Owó pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Òfin FIFA sọ pé bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú 100 owó náà, kí wọ́n sì pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láàárín ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ kékeré tí ó bá kọ ìwé rẹ̀ dáadáa lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra bọ́ọ̀lù, bàtà àti oògùn ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí iye ẹgbẹ́ tí ó lágbára láti ra agbábọ́ọ̀lù bá dín kù, owó tí ń ṣàn bọ̀ wá sísàlẹ̀ yóò dín kù pẹ̀lú.

Ẹ sì rántí ọdún 2019. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ iye orílẹ̀-èdè tí yóò gbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà di 24, àwa náà sì rí àyè wọlé. A gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Gánà, a gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Guinea-Bissau àti Kamẹrúùnù, a wá pàdé Mòrókò. Ziyech wọn gbá pẹ́náritì lu òpó ní ìparí eré, wọ́n lé Khaled Adénon wa jáde ní àfikún àkókò, a ku mẹ́wàá, a sì tún fi pẹ́náritì lé Mòrókò sílé. Ó kù díẹ̀ kí ohùn mi má padà bọ̀ sípò mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí èrò ń fẹ́ wò nìkan ni wọ́n pè lọ sí Íjíbítì, ta ni ì bá pe Bẹ̀nẹ̀?

Ìyá_Ilé_Ìwòran (Porto-Novo), agogo 3:45 ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Èmi ni mo ni ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni ohun tí ọmọ wa tí ó wà ní Wàńdò sọ pé Real Madrid àti Barcelona ni ó ń kún yàrá mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kún un jù lọ, yàtọ̀ sí ìyẹn, ni oṣù tí Leicester ń sún mọ́ ife yẹn. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Leicester rí wá ń bi mí ní agogo tí wọn yóò gbá. Eré méjì lọ́dún ni Real Madrid àti Barcelona sábà máa ń bá ara wọn gbá ní líìgì, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sáré wá. Bí mo bá ń se ìrẹsì ọdún lójoojúmọ́, ta ni yóò máa retí ọdún?

Ní ti ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí ó bá ti wo eré ìṣẹ́jú 90 lórí fóònù rí sọ iye mẹ́gà tí ó jẹ fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá sọ́dọ̀ mi ń ra mẹ́gà ní ọgọ́rùn-ún faranki ọgọ́rùn-ún faranki. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń sọ, fún ẹni tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé rẹ̀ ni.

Lórí àwọn obìnrin, mo fẹ́ kí ẹ rántí pé nínú ìkéde ọdún 2021, ohun tí wọ́n sọ nípa líìgì àwọn obìnrin kò ju pé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe lẹ́yìn tí ti àwọn ọkùnrin bá ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni Barcelona fi 4-0 borí Chelsea ní àṣekágbá Champions League àwọn obìnrin, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, sì wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba ife náà. Èmi àti ọmọbìnrin mi jọ yọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdíje tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀.

Ọmọ_Sakété_ní_Faransé (Paris), agogo 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo kí ìyá wa àti gbogbo àgbà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ẹnikẹ́ni di mímọ́ nínú ìtàn yìí. Paris Saint-Germain kọ̀ láti wọ Super League, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Andrea Agnelli ti Juventus fi ipò alága àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù sílẹ̀, ààrẹ Paris Saint-Germain, Nasser Al-Khelaifi, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní Jámánì ni mo ti rí ohun tí ó fi ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Òfin wọn níbẹ̀ sọ pé, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbò gbọ́dọ̀ wà, kí olówó kan má baà dá pinnu. Mo gbà pé èyí wà lára ìdí tí Bayern àti Dortmund kò fi bá wọn lọ.

UEFA náà, láti ọdún 2024, yóò sọ ẹgbẹ́ Champions League di 36 kí eré lè pọ̀ sí i. Wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ fi àyè méjì sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn ti ń tàn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fagi lé e ní 2022. Ẹ̀rù àwọn olólùfẹ́ ni mo rò pé ó mú wọn yí padà. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kan, kí ó máa ṣọ́ èkejì náà.

Ará_Àjàṣẹ́, agogo 8:15 alẹ́

Ẹ ṣeun, àbúrò. Ó yẹ kí a sọ ti ilẹ̀ wa pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, a kò sì pariwo. Ní oṣù Kẹjọ 2022, CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, kéde Super League ti Áfíríkà ní Arusha, ẹgbẹ́ 24, pẹ̀lú mílíọ̀nù 100 owó dọ́là. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún yìí, wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ ní African Football League, iye ẹgbẹ́ sì ti di mẹ́jọ: Al Ahly, Wydad, Espérance, TP Mazembe, Petro de Luanda, Simba, Enyimba àti Mamelodi Sundowns. Mamelodi Sundowns borí Wydad ní àṣekágbá ní oṣù tó kọjá.

Inú mi dùn sí Enyimba. Ẹgbẹ́ ìlú Aba ni, ó sì gba Champions League Áfíríkà ní 2003 àti 2004 léraléra. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bí ó ṣe débẹ̀: ó gba ife líìgì Nàìjíríà, ó jáde lọ, ó ń lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kan náà ni ó ṣí sílẹ̀ fún Dragons de l'Ouémé, ẹgbẹ́ Àjàṣẹ́ wa, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gba ife ilé. N kò sọ pé ọwọ́ wọn yóò tètè tó ife Áfíríkà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bàbá mi mú mi lọ sí pápá Charles de Gaulle nígbà tí mo kéré, nínú èrò náà sì ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹgbẹ́ ìlú mi lè jáde lọ bá ti ìlú mìíràn ní Áfíríkà pàdé. Ìdíje tí wọ́n ń yan ẹgbẹ́ sí kò lè fún ọmọ mi ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, iyekíye dọ́là tí ó bá wà nínú rẹ̀.

Oníṣòwò_Wàńdò, agogo 9:00 alẹ́

Ìyá wa, àpèjúwe ìrẹsì ọdún yẹn mú mi. Ẹ̀yin olùkọ́ láti Ṣábẹ, n kò ronú dé ọ̀rọ̀ ìdá 5 yẹn rí. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ tí ń náwó ní ohùn lórí bí a ṣe ń pín owó, mo sì ṣì gbà pé ilé ẹjọ́ ṣe dáadáa bí ó ṣe sọ fún UEFA pé kí ó kọ òfin rẹ̀ sí gbangba. Ṣùgbọ́n ti àyè 15 yẹn, n kò ní gbèjà rẹ̀ mọ́. Èmi fúnra mi, ìsọ̀ kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọjà.

Ọmọ_Alákétu, agogo 10:25 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Kí n tó sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní 28 oṣù Kẹsàn-án 2021, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìkéde Pérez, Real Madrid gba Sheriff Tiraspol ní àlejò ní Bernabéu, pápá wa. Láti Moldova ni Sheriff ti wá. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ti kọ́kọ́ là kọjá kí wọ́n tó wọ Champions League, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ilẹ̀ wọn yóò dé ibẹ̀ sì ni. Mo wà ní ilé ìwòran ní Kétu níhìn-ín. Sheriff kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọ ilé wa, Benzema fi pẹ́náritì san án padà, a sì dúró de èkejì. Ní ìṣẹ́jú 90, Sébastien Thill ti Sheriff ta bọ́ọ̀lù kan láti òkèèrè, ó sì wọ igun òkè. Ó di 2-1. Gbogbo àwọn tí kì í ṣe ti Madrid fò sókè, àga ya méjì, mo sì bọ́ síta láìkí ẹnikẹ́ni. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé lóru ọjọ́ náà, inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ilé, mo rí i pé n kò fẹ́ kí wọ́n mú ọjọ́ náà kúrò nínú ayé mi.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e, Real Madrid fi 1-0 borí Liverpool ní Paris, a sì gba ife yẹn kan náà. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Àjàṣẹ́, ẹ má bínú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa ife ọdún 2022 yẹn, láti ọ̀dọ̀ Sheriff ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.